Ẹ̀rọ Orin Inú Ilé: Ohun Tó Yẹ Ká Kọ́kọ́ Rà, àti Ibi Tówó Ti Ń Ṣòfò

Èyí tó ń káni lára jù nínú owó tí àwọn ènìyàn ń sun nídìí ẹ̀rọ orin ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n rà kò burú rárá. Ohun tó yẹ kó kẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ rà. Wọ́n á ra áńpù (ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára) gọbọi, wọ́n á wá sípíkà ńlá tì í, wọ́n á gbé gbogbo rẹ̀ sínú pálọ̀ tó jẹ́ pé táìlì ni ilẹ̀, gíláàsì ni fèrèsé, wọ́n á sì ki pulọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ ara ògiri láìsí ohun kankan tó dáàbò bò ó. Lọ́jọ́ tí iná bá fi ìbínú dé, eré parí.

Ètò tí mo máa ń là sílẹ̀ fún ẹni tó bá bi mí nìyí: iná ló ṣáájú, yàrá tẹ̀ lé e, sípíkà, áńpù, lẹ́yìn náà ohun tí orin ti ń jáde wá, wáyà ló kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé kò wuni. Kò sẹ́ni tó ń pe ọ̀rẹ́ wá sílé kó wá wo sitébíláísà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tò ó báyìí kò ní rí ìdí tí yóò fi ra nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbésẹ̀ 1: Iná

Iná ilé ní Nàìjíríà jẹ́ 230V, 50Hz. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ìlú Ọba rí, kódà pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún kò yàtọ̀ sí tiwa. Nítorí náà, ẹrù tòkunbọ̀ tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá kì í sábà fa wàhálà lórí ọ̀rọ̀ iná. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120V, 60Hz. Ti Jàpáànù jẹ́ 100V. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston tó ra áńpù aláràbarà, tó bá wa kó o wọlé lọ́dún Kérésì, ìfẹ́ ló fi ṣe é. Àmọ́ bí a bá ki áńpù yẹn bọ iná ilé wa, bí orí bá bá wa ṣe é, fúùsì nìkan ni yóò lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tiransifọ́mà inú rẹ̀ ló jóná yẹn, iye tí wọ́n á sì gbà láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí wọ́n ra áńpù gan-an.

Kí ẹ tó dúnàádúrà rárá, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà síta, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ibi tí wáyà iná ti wọlé. Bí ó bá jẹ́ 220V sí 240V, ó dáa. Bí ó bá ní bọ́tìnnì kékeré tí a lè fi yí i láti 110V sí 220V, ẹ rí i pé 220V ló wà kí ẹ tó tàn án, nítorí ẹni tó kó o wọlé lè má tíì fọwọ́ kàn án. Bí ó bá jẹ́ 120V tàbí 100V nìkan, ẹ ní láti ra tiransifọ́mà tí ń bu iná kù. Èyí tó bá 120V mu kò bá 100V mu o; ẹ máa fojú sí i. Kí agbára rẹ̀ sì ju ohun tí ẹ̀rọ ń jẹ lọ dáadáa: áńpù tí wọ́n kọ 300W sí lẹ́yìn, ẹ wá tiransifọ́mà 500W ó kéré tán fún un.

Ohun kan wà tí ọlọ́jà kì í sọ. Tiransifọ́mà yẹn lè sọ 230V di 120V, kò lè sọ 50Hz di 60Hz. Fún áńpù, ìyẹn kò ju pé kó gbóná díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àwo orin àtijọ́ wà tó jẹ́ pé bí iná ṣe ń yí ni mọ́tò wọn ṣe ń yí. Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, tó yẹ kó yí àwo nígbà 33 àti díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, kò ní yí i tó 28 níbí. Orin jùjú tó yẹ kó gbé yín dìde jó yóò wá máa wọ́ nílẹ̀, ohùn olórin yóò sì ki bí ẹni tí oorun ń kùn. Àwọn ẹ̀rọ tí mọ́tò wọn ń lo iná DC, irú iná bátìrì, kò ní ìṣòro yìí. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ó wá ku iná tí NEPA ń mú wá (ẹ jẹ́ kí n máa pè é bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la mọ ẹni tí mò ń bá wí). Iná tó lọ kì í pa ẹ̀rọ, iná tó ń dé ló ń pa á. Nígbà tí wáyà neutral, èyí tó ń dá iná padà, bá já lórí òpó, iná tó yẹ kó jẹ́ 230V lè sún mọ́ 400V nínú ilé tiyín, kó sì rọ jọwọrọ nínú ilé ẹnì kejì. Fúùsì kì í yára tó láti dá irú iná bẹ́ẹ̀ dúró. Ohun tó ń dá a dúró ni ẹ̀rọ kékeré tó máa ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ga jù tàbí kéré jù, tó sì máa ń dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó dá a padà. Àwọn sitébíláísà kan ní in nínú, àwọn kan ò ní. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà pé bó bá di 270V, kí ni ẹ̀rọ yìí yóò ṣe? Bí kò bá mọ̀, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e. Wáyà onípulọ́ọ̀gì púpọ̀ tó ní iná pupa lójú kì í ṣe ààbò. Iná pupa lásán ni.

Nípa jẹnẹrétọ̀: àwọn kéékèèké tí epo wọn àti ọ́ìlì jọ ń wọ inú kan náà, iná wọn máa ń lọ sókè sódò bí ẹnì kan bá tan fíríìjì tàbí áyọ́ọ̀nù. Ẹ má fi áńpù gidi sí i láìsí sitébíláísà láàárín. Ní ti ínfátà, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ pure sine wave sí lára, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti NEPA. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń pè ní modified máa ń mú kí tiransifọ́mà inú áńpù kùn, ariwo kíkùn náà á sì gba inú sípíkà jáde. Ẹnì kan lè pààrọ̀ áńpù lẹ́ẹ̀mejì nítorí ariwo yẹn láìmọ̀ pé ínfátà ni ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Yàrá

Ẹ dúró sáàárín pálọ̀ yín, kí ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, kó le. Bí ẹ bá gbọ́ tí ohùn náà ń dún tìn-ìn lẹ́yìn rẹ̀, yàrá yẹn yóò ba ohùn ẹ̀rọ yòówù tí ẹ bá gbé sínú rẹ̀ jẹ́. Táìlì, gíláàsì, ògiri lásán àti òrùlé POP máa ń ju ohùn padà sí ara wọn. Kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi owó áńpù tuntun tún ṣe. Rọ́ọ̀gì tó nípọn láàárín sípíkà àti ibi tí ẹ ń jókòó, kọ́tìnì tó wúwo tó sì ṣẹ́ra lójú fèrèsé, àga onítìmùtìmù, kọ́bọ́ọ̀dù ìwé tó kún: nǹkan ilé ni gbogbo wọn, wọn kì í sì í jóná bí NEPA bá dé.

Àwọn kan máa ń lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri. Ẹ má wulẹ̀ dààmú. Kò ní kí ariwo má jáde sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò, kò sì ní ṣe nǹkan kan sí béèsì. Fóòmù tín-ín-rín tí wọ́n gé ní ṣóńṣó ṣóńṣó náà, ohùn òkè nìkan ló ń mú. Yàrá á wá dákẹ́ lókè, á sì máa kùn nísàlẹ̀, èyí tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Béèsì ní ọ̀ràn tirẹ̀. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, àwọn ohùn ìsàlẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé gígùn wọn bá gígùn yàrá mu, wọ́n á wú jáde ju àwọn yòókù lọ. Ẹ lè ṣírò rẹ̀: ohùn ń rin bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ pín 343 sí ìlọ́po méjì gígùn yàrá. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12, ìyẹn mítà 3.66, yóò fún yín ní bíi 47Hz. Bí yàrá náà bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 lóòró, 12 níbùú, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ yàrá tí wọ́n ń kọ́ fún àyágbé, ìhà méjèèjì yóò jọ máa gbé ohùn kan ṣoṣo yìí lárugẹ. Ẹni tó bá tún wá gbé súbù wúfà sí igun yàrá bẹ́ẹ̀, ó ti ra ìdààmú. Gbogbo ìlù á wá di ohùn kan, gbìm̀, gbìm̀, gbìm̀.

Ẹ kò lè yí ògiri padà, ṣùgbọ́n ẹ lè yí ibi tí nǹkan wà padà. Ẹ gbé sípíkà kúrò ní igun. Ẹ fà á kúrò lára ògiri ẹ̀yìn, ó kéré tán bí apá kan àtààbọ̀ tí ààyè bá wà. Kí àlàfo tó wà láàárín sípíkà méjèèjì tó iye àlàfo láti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé ibi tí ẹ ń jókòó sí. Kí sípíkà kékeré òkè, twítà, wà ní ìwọ̀n ibi tí etí yín wà bí ẹ bá jókòó. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má sì há a sínú ihò kọ́bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n. Àga ìjókòó náà kò gbọdọ̀ gbára lé ògiri ẹ̀yìn bí ẹ bá lè ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni béèsì ti máa ń pọ̀ jù.

Ìdánwò tí mo fọkàn tán jù lọ kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú mítà. Ẹ wá orin kan tí ẹ mọ̀ dáadáa, tí ìyáàlù ti ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, tí omele àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì ń lọ lábẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyáàlù ń wí. Bí ẹ bá lè mọ oríkì tó ń kì, tí ẹ mọ̀gbà tó gòkè àti ìgbà tó sọ̀, yàrá àti ẹ̀rọ yín ń ṣe dáadáa. Bí ẹ bá kàn mọ̀ pé wọ́n ń lùlù, béèsì ti bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹ sún sípíkà síwájú díẹ̀, kí ẹ tún gbọ́. Mo ti rí ilé tó jẹ́ pé sísún sípíkà ṣe ohun tí wọ́n ti ń múra àtifi owó áńpù tuntun ṣe.

Ìgbésẹ̀ 3: Sípíkà

Ibí ni kí owó tó pọ̀ jù lọ lọ. Sípíkà ló máa ń yàtọ̀ síra jù nínú gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, tòkunbọ̀ tó dáa sì máa ń lé tuntun olówó kan náà jìnnà. Ṣùgbọ́n ọjà ẹ̀rọ Aláàbà ní Èkó kì í ṣe ibi tí à ń fi ojú nìkan rajà. Ẹ mú bátìrì ọmọ ìka kan (1.5V), wáyà kékeré méjì, mítà tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò, àti fóònù tí orin yín wà nínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yọ aṣọ tó bo iwájú sípíkà. Ọlọ́jà tó bá ní kò ṣeé yọ, ẹ bi í léèrè ìdí. Ẹ wo òrùka tó yí etí wúfà, sípíkà ńlá tó ń gbé béèsì jáde, ká. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà tàbí aṣọ, ó lè lo ọdún púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́: fóòmù máa ń jẹra fúnra rẹ̀ láàárín ọdún 10 sí 20, yálà wọ́n lò ó tàbí wọn kò lò ó, ooru àti ọ̀rinrin bíi ti Èkó kì í sì í jẹ́ kó pẹ́. Bí ó bá rún mọ́ yín lọ́wọ́, kì í ṣe òpin ayé. Àwọn kan mọ bí a ṣe ń fi fóòmù tuntun sí i, sípíkà á sì padà sípò. Ṣùgbọ́n iye iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú iye tí ẹ máa san, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tan sípíkà náà, kí ariwo má bàa tú u ya pátápátá.

Ẹ fi ìka mẹ́rin ti ojú wúfà wọlé díẹ̀ lọ́gbọọgba, kí ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá ń ha gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ nínú, wáyà inú rẹ̀ ti jóná tàbí ó ti ṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà wọn ibi tí wáyà ń wọlé sí. Sípíkà tí wọ́n kọ 8 ohm (ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná tó) sí sábà máa ń fi bíi 6 hàn, ti 4 ohm máa ń fi díẹ̀ lé ní 3 hàn. Bí mítà kò bá mira, wáyà ti já. Mítà kò lè sọ fún yín nípa twítà, nítorí kàpásítọ̀ wà lọ́nà tí kì í jẹ́ kí iná mítà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Etí yín lẹ máa gbé súnmọ́ ọn bí orin bá ń lọ. Twítà ló máa ń kọ́kọ́ kú, òun náà sì ni ọlọ́jà máa ń retí pé ẹ kò ní yẹ̀ wò nínú ariwo ọjà.

Bátìrì ńkọ́? Ẹ fi orí rẹ̀ tó ní + kan ihò pupa, ìdí rẹ̀ kan dúdú, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ẹ mú un kúrò. Ojú wúfà gbọ́dọ̀ jáde síta. Bí ọ̀kan bá jáde tí èkejì wọlé, ẹnì kan ti tú u rí, ó sì dà á pọ̀. Ẹ wo wúfà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i: ṣé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àbí wọ́n ti fi ti ibòmíràn dí ojú ihò? Sípíkà méjì tí kò jọra kì í ṣe méjì.

Nọ́ńbà kan wà lẹ́yìn sípíkà tí àwọn ènìyàn kì í kà, tó sì ṣe pàtàkì ju wáàtì lọ: dB tí wọ́n fi ń sọ bó ṣe ń pariwo tó bí a bá fún un ní 1W láti mítà kan. Sípíkà 90dB tó gba 50W yóò pariwo tó ti 84dB tó gba 200W. Ẹni tó ra sípíkà tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ti fi tipátipá ra áńpù ńlá láìmọ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Áńpù

Orí áńpù ni irọ́ ti pọ̀ jù. Ẹ gbàgbé ohunkóhun tí wọ́n bá kọ PMPO sí. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ta páálí ni. RMS, ìyẹn agbára tó lè máa gbé jáde láìdúró, ni kí ẹ máa wá. Bí wọ́n bá kọ 5,000W síwájú, ẹ yí i síta kí ẹ wo iye iná tó ń jẹ. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá sọ pé 60W ló ń jẹ, báwo ló ṣe fẹ́ fúnni ní ju ohun tó jẹ lọ? Pulọ́ọ̀gì ilé wa pàápàá, pẹ̀lú fúùsì 13A nínú rẹ̀ lórí 230V, kò yẹ kó gbé ju bíi 3,000W lọ. Home theatre alápótí márùn-ún tó ń pariwo 10,000W níbi tí wọ́n to ọjà sí kò lè rí ibi tí yóò ti mú un.

Ká tiẹ̀ sọ pé òótọ́ ni wáàtì náà. Ìlọ́po méjì wáàtì, láti 50W sí 100W, 3dB péré ló fi kún un, etí á kàn mọ̀ pé ó lé díẹ̀. Kí ohùn tó dà bí ìlọ́po méjì sí etí yín, ẹ nílò ìlọ́po mẹ́wàá: láti 50W lọ sí 500W. Nínú pálọ̀ lásán, pẹ̀lú sípíkà 89dB tàbí 90dB, 50W tó jẹ́ òótọ́ pọ̀ ju ohun tí aládùúgbò lè fara dà.

Ohun tó ń pa sípíkà lè yà yín lẹ́nu. Àwọn ènìyàn rò pé áńpù ńlá ló ń jó sípíkà kékeré. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n áńpù kékeré tí wọ́n yí fólúmù rẹ̀ dópin níbi ọjọ́ ìbí ló ń jó twítà jù. Nígbà tí agbára rẹ̀ bá tán, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ya, ohùn yíya yẹn ló sì ń da iná tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ sórí twítà. Bí ohùn bá ti ń ya, ẹ fà á sẹ́yìn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ẹ tó fún DJ tó jẹ́ ọmọ àbúrò yín láyè nídìí ẹ̀rọ, ẹ fi ìlà pẹ́ńsù sí ibi tí fólúmù kò gbọdọ̀ kọjá.

Ti ohm náà ńkọ́? Sípíkà 8 ohm méjì tí ẹ so pọ̀ mọ́ ojú kan náà di 4. Ti 4 ohm méjì di 2, ọ̀pọ̀ áńpù ilé kò sì ṣe é fún 2. Bọ́tìnnì A+B tó wà níwájú áńpù àtijọ́ sábà máa ń ṣe nǹkan yìí láìsọ fún yín. Ẹ ka iye ohm tí wọ́n kọ sẹ́yìn áńpù kí ẹ tó kó sípíkà mẹ́rin mọ́ ọn.

Bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀, ẹ tàn án kí ẹ dúró. Ọ̀pọ̀ áńpù gidi máa ń dún "kló" lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ìyẹn ni pé ó ti yẹ ara rẹ̀ wò kó tó ṣílẹ̀kùn fún sípíkà. Kó tó di pé ẹ so sípíkà mọ́ ọn rárá, ẹ fi mítà wọn ibi sípíkà lórí DC, fólúmù ní òdo. Ohun tí kò tó 50mV dára. Ohun tó ju 100mV lọ, nǹkan kan ti ń bàjẹ́ nínú, ó sì lè fa sípíkà yín lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ yí fólúmù àti àwọn bọ́tìnnì yòókù lọ bọ̀ bí orin bá ń lọ. Bí ó bá ń ha, òògùn tí wọ́n fi ń fọ inú bọ́tìnnì lè tó o. Kì í ṣe WD-40, òróró tó máa kù síbẹ̀ á gba eruku. Ṣùgbọ́n bí áńpù bá ń kùn, tí kíkùn náà kò dín kù bí ẹ ti yọ gbogbo nǹkan tó so mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ ló ti gbẹ. Ó ṣeé tún ṣe. Ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye.

Lórí àtúnṣe, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Tiransísítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń gbé agbára lọ sí sípíkà) tí wọ́n ń pè ní 2SC5200 àti ìkejì rẹ̀, 2SA1943, wà nínú áńpù tó pọ̀, ayédèrú wọn sì kún ọjà. Ayédèrú á dún fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á jóná, ó sì lè mú sípíkà dání. Bí oníṣẹ́ bá sọ fún yín pé ẹ ra èyí tó pọ́ọ́kú, ẹ rò ó wò kí ẹ tó dá a lóhùn. Kí ó tún fi gílóòbù iná onírin jíjó sáàárín iná àti áńpù nígbà àkọ́kọ́ tí yóò tàn án lẹ́yìn àtúnṣe: bí wáyà bá ṣì ń fara kanra nínú rẹ̀, gílóòbù á tàn rokoṣo, tiransísítọ̀ tuntun á sì sinmi. Oníṣẹ́ tó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó sọ fún un, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ 5: Ibi tí orin ti ń jáde wá

Fóònù àti wáyà kan ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bluetooth kò burú tó bí àwọn kan ṣe ń pariwo rẹ̀. Orin tí wọ́n ti fún pọ̀ jù kó tó dé orí fóònù ló burú. Ẹ̀rọ CD tòkunbọ̀ ti di ohun tí wọ́n ń gbé jù sílẹ̀, ó sì ṣì ń fúnni ní ohùn tó mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ ohun tí à ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ.

Àwo orin ni ibi tí ìfẹ́ ti ń sọnù sínú owó. Ẹ̀rọ àwo kì í ṣe ohun tí a kàn ń so mọ́ ihò yòówù lẹ́yìn áńpù. Ohun tó ń jáde lẹ́nu abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò ju bíi 5mV lọ, nígbà tí CD ń fúnni ní 2V, ìlọ́po 400. Ó gbọ́dọ̀ wọ ihò tí wọ́n kọ PHONO sí, tàbí kó kọ́kọ́ gba inú ẹ̀rọ phono kékeré. Láìsí rẹ̀, ohùn á tín-ín-rín, béèsì kò ní sí, nítorí wọ́n ti dín béèsì kù nígbà tí wọ́n ń gé àwo, ẹ̀rọ phono ló sì ń dá a padà. Ọ̀pọ̀ ló ti sọ ẹ̀rọ àwo tó dáa nù nítorí pé ihò tí kò yẹ ni wọ́n so ó mọ́.

Abẹ́rẹ́ máa ń lo bíi wákàtí 500 sí 1,000. Èyí tó ti gbó kì í kàn dún burúkú, ó ń gé àwo. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ tuntun ni kí ẹ fi kún iye ẹ̀rọ tòkunbọ̀ èyíkéyìí láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Bí bàbá bá fi àwo sákárà tàbí jùjú àtijọ́ sílẹ̀, ẹ wo iye ìgbà tó yẹ kó yí láàárín ìṣẹ́jú kan tí wọ́n kọ sí i. Àwọn 78 nílò abẹ́rẹ́ tirẹ̀, tó fẹ̀ ju ti LP, àwo ńlá 33, lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ má sì fi ọtí tàbí spirit nù wọ́n láé! Ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, shellac, ọtí ń yọ́ ọ. Ẹ ó máa wò ó bí orin ṣe ń pa rẹ́ lójú yín. Omi tútù díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀, kó má kan lébẹ́ẹ̀lì àárín rẹ̀. Ìdúró ni kí ẹ kó gbogbo àwo sí, ẹ má tò wọ́n léra wọn, ẹ má sì fi wọ́n sínú bùùtù mọ́tò lọ́sàn-án gangan.

Ìgbésẹ̀ 6: Wáyà

Kúkúrú ni ọ̀rọ̀ yìí. Wáyà bàbà onífọ́nrán púpọ̀ tí wọ́n ń pè ní 2.5mm² ti tó fún sípíkà nínú pálọ̀ yòówù. Ẹ má san owó áńpù fún wáyà tí wọ́n fi aṣọ aláwọ̀ wé. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn: ẹ fi ọ̀bẹ ha fọ́nrán kan, bí inú rẹ̀ bá funfun, ó ti tan. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, ní ẹ̀yìn áńpù àti ní ẹ̀yìn sípíkà. Bí ọ̀kan bá yí padà, béèsì á pòórá, ohùn olórin á sì túká káàkiri yàrá.

Ìgbésẹ̀ 7: Nígbà tí ọkàn bá tún ń fà sí tuntun

Yóò fà. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó pààrọ̀ ohunkóhun, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó yí sípíkà, áńpù àti wáyà padà lọ́jọ́ kan náà kò lè mọ èyí tó ṣe é lóore.

Ẹ mọ̀ pé etí máa ń gbà pé ohun tó pariwo díẹ̀ sí i ló dára jù. Àwọn ọlọ́jà mọ èyí. Nítorí náà, bí ẹ bá ń fi áńpù méjì wé ara wọn, ẹ fi áàpù tí ń wọn ariwo lórí fóònù mú kí fólúmù wọn dọ́gba. Ẹ tún wo iye dB yẹn bí ẹ ti ń gbádùn orin. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé 80dB dára fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, 90dB sì jẹ́ wákàtí 4 péré. Etí kò ní tòkunbọ̀.

Ẹ gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ ọlọ́jà kí ẹ tó gbé e lọ, kí ó kọ ọ́ sí rìsíìtì. Nílé, ẹ dijú, kí ẹnì kan máa yí i láti orí ọ̀kan sí èkejì láìsọ fún yín èyí tó ń lọ, pẹ̀lú orin oníyàáàlù yẹn kan náà. Bí ẹ kò bá lè dá wọn mọ̀, ẹ dì í padà sínú páálí rẹ̀, kí ẹ gbé e padà kí ọjọ́ kẹta tó pé.